Ikọ̀ mẹ́rin, ìlà mẹ́rin: ta ló ń pinnu iṣẹ́ tó máa kọ́kọ́ jáde?

Arábìnrin kan tó ní ilé iṣẹ́ sọ́fítíwia n'Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi. Àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ń ṣe áàpù fún: ọmọ ẹgbẹ́ á rí iye tó ti dá jọ lórí fóònù rẹ̀, á tọrọ owó yíyá níbẹ̀, akápò náà á sì máa fi kọ̀ǹpútà tọ́jú ìwé owó. Òṣìṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti di mẹ́tàlá báyìí. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pín ara wọn sí ikọ̀ mẹ́rin: àwọn Android (tó ń ṣe áàpù orí fóònù), àwọn tó ń ṣe ojú ìwé tí akápò ń lò lórí kọ̀ǹpútà, àwọn backend (tó ń kọ kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù ń bá sọ̀rọ̀), àti àwọn tó ń dán iṣẹ́ wò. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní olórí tirẹ̀, ìpàdé tirẹ̀ àti ìlà iṣẹ́ tirẹ̀.

Ó ní: "Ohun kékeré kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ wọ́n fún, pé kí áàpù máa rán ọmọ ẹgbẹ́ létí bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta kí ọjọ́ ìsanwó rẹ̀ pé. Oṣù mẹ́ta rèé. Ẹni tí mo bá bi á ní tòun ti parí. Báwo ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń pinnu ohun tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ ṣe? Ṣé kí n gba product manager, ẹni tó ń pinnu ohun tí wọ́n á ṣe, sí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ni? Olùdámọ̀ràn kan tiẹ̀ ní ká máa ṣe bíi Spotify, ilé iṣẹ́ áàpù orin yẹn."

Ẹ kú làálàá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba product manager mẹ́rin. Èèyàn mẹ́rin tí wọ́n á máa jà fún ìlà mẹ́rin lẹ máa fi owó oṣù rà. Látinú ohun tí ẹ kọ, mi ò rí ọ̀lẹ kankan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín, òótọ́ sì ni kálukú ń sọ nígbà tó ní tòun ti parí. Ọjọ́ tí ẹ pín èèyàn ni ẹ ti pín ohun tó gba iwájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ò pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ẹ fi sí Android, kí Android dùn ún lò ló máa gba iwájú lójú rẹ̀. Ẹni tí ẹ fi sí backend, kí sáfà má ṣubú ni tirẹ̀. Ta lẹ wá fi sí ọ̀rọ̀ kí ọmọ ẹgbẹ́ san gbèsè rẹ̀ lásìkò? Kò sí. Iṣẹ́ tí kò bá sì ní ikọ̀, ẹ̀yìn ìlà ló máa ń wà.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí èyí. Melvin Conway, ará Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí rẹ̀ tí ìwé ìròyìn Datamation tẹ̀ jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1968. Harvard Business Review ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí. Wọ́n dá a padà pé kò fi ẹ̀rí ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ohun tó sọ ni pé bí àwọn tó wà nínú ilé iṣẹ́ bá ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ sí, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí wọ́n bá ṣe jáde á rí. Àpẹẹrẹ kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Èèyàn mẹ́jọ ni ilé iṣẹ́ kan ní, compiler méjì (ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe) ni wọ́n sì fẹ́ kọ, ọ̀kan fún COBOL, èkejì fún ALGOL, èdè méjì tí wọ́n fi ń kọ kóòdù. Wọ́n fojú wọn bí iṣẹ́ náà ṣe máa le tó, wọ́n fi èèyàn márùn-ún sí COBOL, mẹ́ta sí ALGOL. Nígbà tí wọ́n parí, ìpele márùn-ún ni ti COBOL ń gbà kó tó ṣiṣẹ́, ìpele mẹ́ta ni ti ALGOL.

Ẹ jẹ́ ká wá tẹ̀ lé ìrántí tiyín yẹn lọ láti ibẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni iye ọjọ́ tí mo máa lò, ẹ lè fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Àwọn backend ló máa ṣírò ọjọ́ tí owó máa pé, kí wọ́n sì so ó mọ́ ilé iṣẹ́ tó ń bá yín fi SMS ránṣẹ́: iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn Android á gbé ìkìlọ̀ náà sójú fóònù: ọjọ́ méjì. Ojú ìwé akápò gbọ́dọ̀ ní ibi tí ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ ìrántí ti lè pa á: ọjọ́ kan. Àyẹ̀wò: ọjọ́ méjì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ báyìí á ní ọ̀sẹ̀ méjì ti pọ̀ jù fún un.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìrántí yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn backend, iṣẹ́ mẹ́fà ló ti wà níwájú rẹ̀, ó sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Android, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ojú áàpù ṣe látòkèdélẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn tún lọ síbẹ̀. Nígbà tó wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń dán iṣẹ́ wò, ọ̀kan nínú wọn gbé ìbéèrè kan dìde tí ẹnì kankan ò rò tẹ́lẹ̀: ẹni tó yá owó ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní, ọjọ́ wo ló máa san àkọ́kọ́? Oṣù kejì ò ní ọjọ́ 31. Kóòdù náà ka àwọn ọjọ́ tó lé yẹn kọjá sínú oṣù tó tẹ̀ lé e, ó wá ń sọ fún onígbèsè pé ọjọ́ 3 oṣù kẹta ni, nígbà tó jẹ́ pé ìparí oṣù kejì ni ìwé òfin ẹgbẹ́ sọ. Ìlà kóòdù méjì péré ló máa tún un ṣe. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó dán an wò, kí ẹ tó jẹun ọ̀sán tán ó ti parí. Ṣùgbọ́n ikọ̀ mìíràn ni ẹni tó kọ ọ́ wà, ikọ̀ yẹn sì ti fagi lé iṣẹ́ yẹn pé ó ti tán. Àtúnṣe náà di iṣẹ́ tuntun, ó sì lọ tò sẹ́yìn pátápátá. Bí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ ṣe ń di oṣù mẹ́ta nìyẹn, láìsí ẹni tó jókòó lásán.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ti kó sínú kòtò yìí rí. Amazon wà lára àwọn tó kọ́kọ́ pariwo bí wọ́n ṣe jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, Jeff Bezos tó dá a sílẹ̀ ní kí wọ́n fọ́ ilé iṣẹ́ náà sí ikọ̀ kéékèèké, kí ikọ̀ kankan má pọ̀ ju àwọn èèyàn tí pizza méjì lè yó lọ. Ọ̀rọ̀ pizza yìí ni gbogbo ayé gbá mú, òun sì kọ́ ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé ikọ̀ kan ló ni ọ̀rọ̀ kan láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn tó kọ kóòdù náà ni fóònù máa jí lóru nígbà tó bá bàjẹ́. Werner Vogels tó jẹ́ ọ̀gá ìmọ̀ ẹ̀rọ wọn sọ èyí kedere ní ọdún 2006. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ni wọ́n máa jí kò ní fi àléébù sílẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ gbé nǹkan tuntun jáde.

Síbẹ̀, ẹ ò lè pín gbogbo nǹkan báyẹn tán. Àwọn iṣẹ́ kan wà tó gba ẹni tó mọ̀ ọ́n dójú àmì: ààbò, database (ibi tí gbogbo dátà wà), ìsopọ̀ pẹ̀lú báńkì, sáfà. Ilé iṣẹ́ díẹ̀ ló lówó láti fi akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ààbò kan sínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà wọ́n máa ń kó irú wọn jọ síbì kan, ibẹ̀ á sì di ìlà tí gbogbo ikọ̀ ń tò sí. Ọ̀nà àbáyọ tí mo fara mọ́ ni pé kí àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yìí má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n máa ṣe irinṣẹ́ tí àwọn tó kù á fi ṣe é fúnra wọn. Bí ikọ̀ kan bá fẹ́ sáfà tuntun fún àyẹ̀wò, kí ó tẹ bọ́tìnì, kí ó má kọ lẹ́tà. Nígbà mìíràn wọ́n lè yá ikọ̀ kan ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ fún oṣù kan, kí ó kọ́ wọn, kí ó sì padà sílé.

Ti ààbò yìí ló yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò, torí òun ni iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn gbà pé ó ṣe pàtàkì tí kì í sì í ráyè. Ní ọdún 2001, kòkòrò kọ̀ǹpútà Code Red àti Nimda da ilé iṣẹ́ rú káàkiri àgbáyé nítorí àléébù inú sọ́fítíwia Microsoft. Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2002, Bill Gates, ọ̀kan lára àwọn tó dá Microsoft sílẹ̀, kọ lẹ́tà sí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé nígbàkigbà tí wọ́n bá ní láti yàn láàárín kí a fi nǹkan tuntun kún un àti kí a tún àléébù ààbò ṣe, ààbò ni kí wọ́n yàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kọ́. Ní oṣù kejì ọdún yẹn, wọ́n dá iṣẹ́ tuntun dúró lórí Windows, nǹkan bí èèyàn 8,500 sì lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ààbò, wọ́n padà wá yẹ kóòdù àtijọ́ wò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2004 ni Windows XP Service Pack 2, ìyẹn àkójọ àtúnṣe fún Windows XP, jáde, tí firewall rẹ̀ (ohun tó ń dí ọ̀nà àwọn tó fẹ́ já wọlé) ti ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó rà á ṣe ohunkóhun.

Ẹ wo iye tó ná wọn. Àwọn tó yẹ kó máa kọ Windows tó kàn ni wọ́n fà wá síbi ààbò. XP jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001. Vista tó tẹ̀ lé e kò dé ọwọ́ ará ìlú títí di oṣù kìíní ọdún 2007. Àwọn ìdí mìíràn wà tó fi pẹ́, ṣùgbọ́n èyí wà lára wọn. Olùdarí tó bá ní ohun kan ti bọ́ síwájú, tí kò lè tọ́ka sí ohun tó ti sún lọ sẹ́yìn, kò tíì pinnu nǹkan kan.

Agbára lẹ́tà Gates náà kò sì pẹ́ títí bí a ṣe rò. Ní ọdún 2023, àwọn kan tí wọ́n so mọ́ orílẹ̀-èdè Ṣáínà gba ọ̀dọ̀ Microsoft wọ inú ímeèlì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé dìde sì bu ẹnu àtẹ́ lu ilé iṣẹ́ náà gidigidi. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, Satya Nadella, ọ̀gá àgbà Microsoft, kọ lẹ́tà sí àwọn òṣìṣẹ́: bí ẹ bá ní láti yàn láàárín ààbò àti nǹkan mìíràn, ààbò ni kí ẹ ṣe. Ọdún 22 ló wà láàárín lẹ́tà méjèèjì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú wọn. Èyí tó yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí ni pé wọ́n so apá kan owó àwọn ọ̀gá àgbà mọ́ bí iṣẹ́ ààbò bá ṣe ń lọ. Ìyẹn ni mo gbà gbọ́ ju lẹ́tà lọ. Ikọ̀ á máa ṣe ohun tí wọ́n fi ń gbé e ga, ohunkóhun tí wọ́n ì báà kọ sára ògiri.

Bí ẹ bá máa jí ohun kan ṣoṣo gbé lọ́dọ̀ àwọn ńlá wọ̀nyí, ti Google ni kí ẹ jí. Láti ọdún 2003 ni Ben Treynor Sloss ti dá ikọ̀ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ń tọ́jú bí iṣẹ́ wọn ṣe ń lọ déédéé. Ìjà àtijọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀: àwọn tó ń kọ kóòdù fẹ́ máa gbé nǹkan tuntun jáde lójoojúmọ́, àwọn olùtọ́jú sáfà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohun tó ń ṣiṣẹ́. Kí ọ̀gá tó parí ìjà bẹ́ẹ̀ lónìí, òmíràn á ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Wọ́n wá fi nọ́ńbà sí i. Ká ní a ṣèlérí fún oníbàárà pé áàpù á máa ṣiṣẹ́ ní ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó lè wà nílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 43. Ìṣẹ́jú 43 yẹn di owó ìnáwó. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé ohun tó wù yín jáde. Bó bá tán, ohun tuntun dúró, gbogbo ọwọ́ á lọ síbi àtúnṣe títí ara áàpù fi máa yá. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹnìkejì jà, nítorí nọ́ńbà ti sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ò nílò 99.9. Ẹ fi 99.5 bẹ̀rẹ̀, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 36 ló ń fún yín lóṣù. Ṣùgbọ́n ẹ ka wákàtí ìparí oṣù ní ìlọ́po méjì, torí ìgbà yẹn ni wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù, tí gbogbo ènìyàn sì ń ṣí áàpù wò. Ẹ ṣì rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà tuntun di ohun tí à ń fi ọjọ́ kan wá, tí owó wà ní báńkì tí a ò sì rí fi ra gààrí. Ẹni tó bá tẹ owó ránṣẹ́, á dúró níwájú ọlọ́jà títí, áàpù á kàn máa yí. Kò sẹ́ni tó ń béèrè àwọ̀ tuntun lójú áàpù lásìkò yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣí àkáǹtì síbi tí owó ti ń kọjá, wọn ò sì padà.

Ti Spotify ò ní gbà mí lọ́rọ̀ púpọ̀. Ìwé kan ni Henrik Kniberg àti Anders Ivarsson kọ ní ọdún 2012 tó sọ bí wọ́n ṣe pín ara wọn sí oríṣi àkójọ òṣìṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n pè ní squad, tribe, chapter àti guild. Nínú ìwé náà gan-an ni wọ́n ti kìlọ̀ pé bí nǹkan ṣe rí lásìkò yẹn làwọn kọ, pé ó ń yí padà. Àwọn olùdámọ̀ràn gbé orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n fi ìkìlọ̀ sílẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ni Spotify ń wá ètò fún. Ẹ̀yin mẹ́tàlá lè jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo.

Ohun tí màá ṣe bí mo bá wà ní ipò yín nìyí. Ẹ tú ikọ̀ mẹ́rin yẹn ká. Ẹ dá méjì sílẹ̀ tó ní ọ̀rọ̀: ọ̀kan ni owó ọmọ ẹgbẹ́, ìyẹn ìfowópamọ́, owó yíyá àti ìrántí, èkejì ni ìwé akápò, ìyẹn ìṣirò, ìròyìn ìparí ọdún àti ohun tí ayẹ̀wéwò máa béèrè. Èèyàn márùn-ún márùn-ún, kí ẹni tó ń dán iṣẹ́ wò jókòó sínú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kó lè béèrè ọ̀rọ̀ ọjọ́ 31 kí wọ́n tó kọ ìlà kóòdù kan. Èèyàn méjì á tọ́jú sáfà, database àti ààbò. Ẹnì kan tó ṣẹ́kù ni product manager yín, ẹ má wá a níta. Ẹni tó ti jókòó ti akápò rí, tó ti rí bó ṣe ń fi ìwé gígùn àti bírò pupa ṣiṣẹ́, ni kí ẹ yàn nínú wọn.

Kí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun kan ṣoṣo níwájú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹni tó lé eku méjì, òfo ló ń mú bọ̀. Lábẹ́ ohun kan yẹn, ẹ kọ àwọn ohun tí ẹ ò ní ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, kí ẹ fi orúkọ ẹgbẹ́ tó béèrè rẹ̀ sí i, kí ẹ sì pè wọ́n láti sọ fún wọn. Ìwé kejì yìí ló máa ń nira láti kọ, òun náà ló sì ń gba ìlà lọ́wọ́ ariwo. Oníbàárà tó mọ̀ pé ó di oṣù kẹsàn-án kì í pariwo tó ẹni tí wọ́n ní "a ti ń ṣe é" fún láti oṣù kẹta.

Àwọn Android á ráhùn pé bí wọ́n bá pín àwọn sọ́tọ̀, olúkúlùkù á máa kọ kóòdù bó ṣe wù ú. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ fún wọn ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti jọ ka kóòdù ara wọn, kí ẹ sì gbà pé ìṣọ̀kan náà á dín díẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀ ju kí ọjọ́ ìsanwó máa kọjá lórí onígbèsè láìmọ̀ lọ.

Iṣẹ́ kan ṣì wà tí mo mọ̀ pé kò ní ikọ̀ lọ́dọ̀ yín báyìí. Orúkọ, fóònù àti iye owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ yín. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 fún ilé iṣẹ́ tí dátà àwọn èèyàn wà níkàáwọ́ rẹ̀ ní wákàtí 72 láti sọ fún àjọ tó ń mójú tó o, bí dátà bá jò lọ́nà tó lè pa èèyàn lára. Àwọn ẹgbẹ́ ló ni dátà, ọwọ́ yín ló wà. Bó bá jò, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́. Wákàtí 72 kò gùn bí ó bá bọ́ sí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ fi orúkọ ẹnì kan sí i nínú àwọn méjì tó ń tọ́jú ààbò, kí òun náà mọ̀, kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn akápò.

Ẹ ò bi mí nípa àwọn olórí ikọ̀ mẹ́rin yín, àmọ́ ibẹ̀ ni ètò yìí ti máa ń bàjẹ́. Ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn ò ní jẹ́ olórí mọ́. Ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kéde ohunkóhun, kí owó oṣù ẹnikẹ́ni má dín. Olórí backend ni màá fi sídìí sáfà, torí mo fura pé ohun tó ń ṣe lóru nìyẹn tẹ́lẹ̀. Kí ẹ sì yí ètò ikọ̀ náà padà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, nígbà tí owó oṣù ti wọlé tán, tí àwọn akápò ti dákẹ́.